Ojú-Ìwé Kẹtàdínláàádọ́ta

Ọ̀ọ́dúnrún ni mo tẹ̀, ní Ṣómólú.
Owó àjẹṣẹ́kù ọdún mẹ́ta ló bá a lọ.
Páálí mẹ́fà wọ ilé wa ní Pópó-Ọba
lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, tí mo bọ́ ìborùn bo ìwé,
tí mo fi orí ara mi gba òjò.
Ọkọ mi wo páálí, ó wò mí,
ó ní, "Ìyá Adéṣeun, ṣé èyí la ó máa jẹ ni?"
N ò fèsì. Mo tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sùn lórí ìwé mi
bí adìẹ tó sàba lé ẹyin
tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ tí yóò pa.

Ìtàn bàbá mi ni:
bó ṣe ń wa ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dé Èjìnrìn
lálẹ́ tí òṣùpá ò yọ,
tó ń fi àjẹ̀ wọn omi bí aránṣọ tó ń wọn aṣọ.
Bàbá ò mọ̀wé. Èmi tí ó fi owó ẹja rán nílé ìwé
ni mo jókòó kọ ọ́.

Mo gbé mẹ́wàá lọ sí ilé-ìwé tí mo ti fẹ̀yìn tì.
Ọ̀gá àgbà fi ọwọ́ pa èèpo rẹ̀ lára,
ó ní, "Ìwé yìí mà dùn o!" Kò tíì ṣí i.
Mo bẹ Alàgbà Ọ̀tẹ̀yẹmí kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.
Ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn, ó kà á sétí ìjọ,
ó pè mí ní ìmọ́lẹ̀, ó pè mí ní òkun,
ó pe bàbá mi ní àgbẹ̀ olókoòwò kòkó.
Àgbẹ̀ kòkó!
Ọkùnrin tí kò gbìn ju ata mẹ́ta lọ létí balùwẹ̀.

Níbi ìkómọ, mo ta méjì.
Níbi ìsìnkú, mo ta ẹyọ kan;
ojú ló ti ọmọ olóòkú tó fi rà á.
Lọ́jà Olúwo, mo pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta ọmọ ọ̀nì.
Obìnrin kan bi mí: "Ṣé ìwé àdúrà ni?"
Mo ní rárá.
"Ṣé ó ń kọ́ni bí a ṣe ń lówó ni?"
Mo ní, "Ìwọ wò mí ná."
A jọ rẹ́rìn-ín. Kò rà á,
ó fi epìyà mẹ́ta ta mí lọ́rẹ.

Oṣù kẹjọ ni Kásálì dé,
ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Màrínà.
Gírísì lọ́wọ́, ìwé mi nínú ọ̀rá.
Ó ti fi pẹ́ńsù fàlà, ó ti kọ nǹkan sí etí ewé.
"Màmá, ẹ ṣìnà lójú-ìwé kẹtàdínláàádọ́ta.
Ẹni tó ń ti ibí lọ Èjìnrìn,
ẹnu odò kékeré yẹn ò lè bọ́ sí òsì rẹ̀.
Ọ̀tún ló wà.
Ẹni bá fi ìwé yín tukọ̀, inú koríko ni yóò sùn."
Ó dákẹ́, ó ń nu ọwọ́ tí kò lè mọ́.
"Ṣùgbọ́n ibi tí bàbá yín ti pa àtùpà,
tó ní kí ẹ fi etí wá èbúté,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á.
Bàbá tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.
Mo rò pé àwa nìkan ni."

Ó ra ẹyọ kan sí i, fún àbúrò rẹ̀ ní Àgbọ̀wà.
Ó ná an. Mo yọ igba náírà.

Lálẹ́, mo fa páálí yọ, mo mú bírò,
mo pa "òsì" rẹ́, mo kọ "ọ̀tún" lé e,
nínú igba ìwé ó lé mẹ́rìnlélógójì.
NEPA ti mú iná lọ. Ọkọ mi di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi,
ó ń kùn, ó ń yán.
Nígbà tó ṣe, ọwọ́ mi ṣókùnkùn.
Mo yíjú: tọ́ọ̀ṣì ti wà lórí itan rẹ̀,
ojú-ìwé kejìlá.
Mo ní, "Bàbá Adéṣeun, iná."
Ó ní, "Dúró ná."